Ìmọ́lẹ̀ Lójú Awọ: Bí A Ṣe Ń Wọn Ọ̀pá Ẹ̀yìn Ọmọ Láìlo X-ray

Scoliosis ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí a bá dúró sẹ́yìn ẹni tí ara rẹ̀ pé, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ á lọ tààrà láti ọrùn dé ìdí. Ti ẹni tó ní scoliosis á yà sọ́tùn-ún tàbí sósì; nígbà mìíràn á yà sọ́tùn-ún lókè, á tún yà sósì nísàlẹ̀. Kì í ṣe yíyà nìkan, eegun ọ̀pá ẹ̀yìn a tún máa yí bó ti ń yà. Àwọn egungun ìhà tó so mọ́ ọn á bá a yí, wọ́n á ti ẹran ẹ̀yìn jáde ní apá kan, wọ́n á sì rì wọlé ní apá kejì. Nítorí yíyí yìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú egungun ṣe ń hàn lójú awọ, òun náà ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà wọn ohun tí a rò tẹ́lẹ̀ pé X-ray nìkan ló lè fi hàn.

Nínú ọmọ 10 tó ní scoliosis, bíi 8 ni a kò rí ohun kan pàtó tọ́ka sí pé òun ló fà á. Irú èyí ló wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọ ọdún 10 sí 16, àsìkò tí ọmọ ń bàlágà tí egungun rẹ̀ sì ń yára gùn. Ọmọ 2 tàbí 3 nínú 100 ni ọ̀pá ẹ̀yìn wọn máa ń wọ́ dé ìwọ̀n tí a fi ń pè é ní scoliosis ní ọjọ́ orí yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nílò ju pé kí a máa ṣọ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ èyí tó wọ́ díẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ó bá ti le, àwọn ọmọbìnrin ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ìlọ́po púpọ̀ ju ọkùnrin lọ.

Ní abúlé, ẹrù orí ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Ọmọ tó ń ru omi láti kànga tàbí iṣu láti oko, bí èjìká rẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ, ẹrù ni wọ́n á ní ó fà á. Báàgì ìwé tó wúwo náà ń gba ẹ̀bi tirẹ̀ ní ilé ìwé. Lóòótọ́ ni ẹrù lè mú kí ẹ̀yìn dun ọmọ, ó sì lè mú kó tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé òun ló ń fa scoliosis. Ohun tí a mọ̀ dájú ni pé ó máa ń rìn nínú ẹbí: ọmọbìnrin tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní in yẹ lẹ́ni tí a ń yẹ̀ wò ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn tó yí padà ni scoliosis. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kó sì jẹ ẹ́ títí tí yóò fi wó síwájú. Iké tó yọ ṣóńṣó ní àárín ẹ̀yìn la fi ń dá a mọ̀. Percivall Pott, oníṣègùn abẹ ará Ìlú Ọba, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1779, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Rọpárọsẹ̀ àti àwọn àrùn mìíràn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára náà lè mú ọ̀pá ẹ̀yìn wọ́. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí ìmọ́lẹ̀ lè sọ bí ẹ̀yìn ṣe rí, kò lè sọ ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ní iké ṣóńṣó, tí ibà ń mú lóru, tó ń rù, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Kò ní ohun kan ṣe níwájú kámẹ́rà ní àkókò yẹn.

X-ray ni òdiwọ̀n tí gbogbo ayé gbà. Ní 1948, John Robert Cobb, oníṣègùn egungun ní New York, ṣàlàyé ọ̀nà tí a fi ń wọn ọ̀pá ẹ̀yìn lórí fọ́tò X-ray. A ó wá eegun tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù lókè ibi tó wọ́, a ó fa ilà lé orí rẹ̀. A ó wá èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù nísàlẹ̀, a ó fa ilà sí ìdí rẹ̀. Igun tó wà láàárín ilà méjèèjì ni igun Cobb. Bí kò bá tó dígíríì 10, a kì í pè é ní scoliosis. Láti 10 sí 25, ṣíṣọ́ ni. Láti bíi 25 sí 40, bí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, wọ́n á fún un ní kọ́sẹ́ẹ̀tì líle tí yóò máa wọ̀ mọ́ra. Bí ó bá ti tó 45 tàbí 50, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti wọlé nìyẹn. Ìwọ̀n tí gbogbo ayé gbà yìí pàápàá ní àléébù tirẹ̀: oníṣègùn méjì lè wọn fọ́tò kan náà kí èsì wọn fi bíi dígíríì 5 yàtọ̀ síra.

Kì í ṣe X-ray ẹ̀ẹ̀kan ló ń kọ ni lóminú. Ọmọbìnrin tí wọ́n rí scoliosis lára rẹ̀ ní ọmọ ọdún 11 lè máa ya fọ́tò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà títí yóò fi dàgbà tán. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìtànṣán X-ray ń gba inú ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kọjá, ó sì ń kan àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tó ń dàgbà. Ní 2000, Michele Doody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 5,573 tí wọ́n rí àìsàn ọ̀pá ẹ̀yìn lára wọn láàárín 1912 sí 1965. Bí a bá pín in dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti ya fọ́tò X-ray tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 25. Àrùn jẹjẹrẹ ọmú pa 77 nínú wọn; bí ó bá jẹ́ pé bí ó ti ń pa àwọn obìnrin yòókù ní ìlú ló ṣe pa wọ́n, iye náà kì bá ju bíi 46 lọ.

Ó yẹ kí a fi òdodo kún èyí. Ìtànṣán tí ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ń tú jáde pọ̀ ju ti òde òní lọ jìnnà, àwọn tó ń ya fọ́tò náà sì ti kọ́ láti jẹ́ kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ìtànṣán ti ń bọ̀, kí ó má baà kọ́kọ́ kan ọmú. Ẹ̀rọ EOS, tó lo ohun tí Georges Charpak ará Faransé ṣàwárí tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1992, tún dín ìtànṣán kù sí i, àmọ́ ilé ìwòsàn ńláńlá ló ní agbára láti rà á. Nítorí náà, kò sí ìdí láti sá fún X-ray kan tí dókítà bèèrè fún. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí a má ya mẹ́wàá níbi tí méjì tàbí mẹ́ta bá tó.

Ojú awọ ni àwọn oníṣègùn ń kà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ṣàwárí X-ray ní 1895. Ní 1865, William Adams, oníṣègùn abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàlàyé àyẹ̀wò kan tí a ṣì ń lò títí di òní. Ọmọ á dúró, á pa ẹsẹ̀ pọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pàdé, á wá bẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ láìtẹ orúnkún. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á bá ojú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn ọmọ náà. Bí ẹ̀yìn bá gún, òsì àti ọ̀tún á bára dọ́gba. Bí ó bá wọ́ tó sì yí, iké á yọ ní apá kan níbi egungun ìhà tàbí lókè ìbàdí. Ọmọ tó kàn ń dúró wọ́gọwọ̀gọ kò ní ní iké yìí: bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì gba owó.

Ní 1984, William Bunnell ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n kún un. Ohun èlò kékeré kan tó pè ní scoliometer ń ṣiṣẹ́ bíi ìwọ̀n olómi tí bíríkìlà ń gbé lé orí bíríkì: a ó gbé e dábùú ẹ̀yìn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ á yí lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, á sì fi iye dígíríì tí ẹ̀yìn fì hàn. Dígíríì 5 ni Bunnell kọ́kọ́ fi ṣe ààlà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé wọ́n ń rán ọmọ púpọ̀ jù lọ ya X-ray lásán, ó gbé ààlà náà lọ sí 7. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìwọ̀n yìí pọ̀ mọ́ igun Cobb. Fífì ojú ẹ̀yìn ni scoliometer ń wọ̀n. Dígíríì 7 lórí rẹ̀ lè jẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí X-ray.

Ìwọ̀n ojú kan ṣoṣo lẹ́yìn ni scoliometer ń mú. Fífi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán gbogbo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nígbà tí Hiroshi Takasaki ní Japan fi ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní moiré hàn. Ó gbé àwọ̀n tí a fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ ṣe síwájú ènìyàn, ó tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, òjìji okùn náà sì bọ́ sára ẹni náà. Níbi tí okùn àti òjìji ti pàdé, ilà dúdú àti funfun yọ yí ara po, irú èyí tí àwọn awòye ilẹ̀ fi ń sàmì òkè àti àfonífojì lórí àwòrán ilẹ̀. Bí ilà apá òsì kò bá bá ti ọ̀tún mu, ẹ̀yìn náà kò dọ́gba. Wọ́n lo ọ̀nà yìí gan-an fún àyẹ̀wò àwọn ọmọ ilé ìwé ní Japan. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ènìyàn ló ń ka ilà náà, bí ọmọ bá sì yí ara díẹ̀, gbogbo ilà á yí padà.

Kọ̀ǹpútà ló yanjú ìyẹn. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, Alan Turner-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní ISIS. Ní àkókò kan náà, Burkhard Drerup àti Eberhard Hierholzer ní Münster, ní ilẹ̀ Jámánì, ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ DIERS sọ di ẹ̀rọ títà lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì pè ní Formetric. Iṣẹ́ àwọn ará Münster yìí ló gbayì jù, nítorí wọn kò dúró sórí fífi àwòrán ẹ̀yìn hàn nìkan. Wọ́n ṣe ìṣirò tó ń ti ojú awọ lọ bá ọ̀pá ẹ̀yìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Pùròjẹ́ktọ̀ kan á tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilà ìmọ́lẹ̀ tó dábùú sí ẹ̀yìn ọmọ. Ká ní ògiri ló wà níbẹ̀, ilà náà á lọ gbọọrọ. Lórí ẹ̀yìn, á gun eegun èjìká, á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò àárín ẹ̀yìn, á tún gòkè. Kámẹ́rà kì í wà lójú kan náà pẹ̀lú pùròjẹ́ktọ̀; òkè tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ń gbé e sí, kí ó lè máa wo ilà náà láti igun mìíràn. Nítorí a ti wọn bí pùròjẹ́ktọ̀ àti kámẹ́rà ṣe jìnnà síra, tí a sì mọ igun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wò, kọ̀ǹpútà lè fi ìṣirò onígun mẹ́ta mọ bí ojú kọ̀ọ̀kan lórí ilà ṣe jìnnà tó. Ibi tí awọ bá yọ síta, ilà á yẹ̀ sí apá kan. Ibi tó bá rì wọlé, á yẹ̀ sí apá kejì. Láti inú yíyẹ̀ yìí ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ àwòrán ẹ̀yìn tó ní gígùn, ìbú àti jíjìn.

Ìgbà yìí ni iṣẹ́ tó le ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wá àwọn àmì tí kì í sábà yẹ̀ lára ènìyàn: eegun tó yọ ní ìpìlẹ̀ ọrùn, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn bó bá tẹ orí síwájú, àti ihò kékeré méjì tó wà lókè ìdí, lọ́tùn-ún àti lósì. Láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yìí, á máa wá, ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ojú tí òsì àti ọ̀tún ti fara jọra jù. Bí a bá so àwọn ojú wọ̀nyẹn pọ̀, wọ́n á di ilà kan tó ń tẹ̀ lé ṣóńṣó orí eegun ọ̀pá ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, á wo bí awọ ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ilà yẹn, nítorí bí awọ ṣe fì ni eegun tó wà nísàlẹ̀ ṣe yí. Pẹ̀lú fífì àti ilà, á fojú díwọ̀n ibi tí àárín eegun gan-an wà. Èsì rẹ̀ pọ̀ ju igun kan lọ: ó ń sọ bí àyà ṣe yẹ̀ kúrò lórí ìbàdí, bí ìbàdí apá kan ṣe ga ju èkejì lọ, bí ẹ̀yìn ṣe yí ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àti bí ó ṣe tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ ló máa ń ba èsì jẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀yìn ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ihò méjèèjì tó wà lókè ìdí. Irun dídì tó gùn gbọ́dọ̀ wà lókè orí, kí ó má bo eegun ọrùn. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lò, gbọ́dọ̀ kúrò tàbí kí a fà á sísàlẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà á kà á mọ́ ara. Òrí náà ń dá wàhálà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Borgou, ní àríwá Benin, níbi tí igi ẹ̀mì ti pọ̀: awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa á máa dán, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sínú kámẹ́rà ní ojú kan, ilà á sì pòórá níbẹ̀. Aṣọ gbígbẹ la fi ń nù ún kúrò. Lórí awọ dúdú, ìmọ́lẹ̀ tó ń padà sí kámẹ́rà kéré ju ti awọ funfun lọ, nítorí náà ẹni tó ń lo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú ìmọ́lẹ̀ le sí i tàbí kó jẹ́ kí kámẹ́rà gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kí yàrá sì ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹni tó bá fi bí wọ́n ti tò ó ní Yúróòpù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ á rí àwòrán tó ní ihò.

Ọmọ á bọ́ bàtà, á dúró lórí àmì tí wọ́n ti fà sílẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣí díẹ̀ síra, apá á rọ̀ sílẹ̀, ojú á máa wo iwájú. Kí wọ́n má sọ fún un pé kó dúró dáadáa, nítorí ọmọ tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ á na ẹ̀yìn lọ́nà tí kì í gbà nílé. Ara tó wà láàyè kì í dúró gbọnin: ènìyàn ń mí, ó sì ń fì díẹ̀díẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ òde òní ṣe ń ya àwòrán bíi 12 láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 6, tó sì ń pín wọn dọ́gba. Ìyá tàbí obìnrin mìíràn gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọbìnrin, kí àwòrán sì mọ sí ẹ̀yìn láìfi ojú hàn. Ìtìjú lè mú kí ọmọ kọ̀ láti padà wá.

Kí wá ni àwòrán ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣe? Kò lè rí egungun. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lẹ́yìn, tàbí tí iṣan apá kan tóbi ju èkejì lọ, á fi í pe egungun. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá yà sọ́tùn-ún lókè tó sì yà sósì nísàlẹ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú awọ lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Kò lè sọ bí egungun ọmọ ṣe kù tó láti dàgbà. Láti mọ ìyẹn, àwọn oníṣègùn ń wo àmì tí Joseph Risser ṣàpèjúwe rẹ̀ lórí eegun ìbàdí, X-ray ló sì ń fi í hàn. Igun tí àwòrán ìmọ́lẹ̀ ń fún wa fara mọ́ igun Cobb ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Wọ́n lè fi dígíríì mélòó kan yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì máa ń pọ̀ sí i bí àìsàn náà bá ti le. Nítorí náà, oníṣègùn tó bá fi àwòrán ìmọ́lẹ̀ nìkan pinnu iṣẹ́ abẹ ti kọjá àyè rẹ̀.

Ibi tó dára sí ni fífi ọmọ wé ara rẹ̀. X-ray kan ní ìbẹ̀rẹ̀ á sọ irú àìsàn tó jẹ́ àti bó ṣe le tó. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n á ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí yóò jẹ́ ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, wọ́n á tún ya ti ìmọ́lẹ̀ nìkan. Bí kò bá sí ìyípadà, ọmọ á lọ sílé láìgba ìtànṣán kankan. Bí iké bá ga sí i tàbí tí ẹ̀yìn yí sí i, X-ray dé nìyẹn. Pẹ̀lú ètò yìí, ọmọ tí ìbá ya X-ray mẹ́jọ kó tó dàgbà lè ya mẹ́ta.

Iye owó ẹ̀rọ ńlá ló jẹ́ kí àwọn olùwádìí yíjú sí ohun èlò olówó pọ́ọ́kú. Kinect, tí Microsoft gbé jáde ní 2010 fún eré orí tẹlifíṣọ̀n, ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí àti kámẹ́rà tó ń ka jíjìn; kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń fi í wọn ẹ̀yìn. Láti 2020, Apple ń fi ohun èlò tó ń ka jíjìn tí wọ́n ń pè ní LiDAR sínú àwọn kan lára iPad àti iPhone tó wọ́n jù. Àwòrán tí àwọn wọ̀nyí ń yà kò mú tó ti Formetric, ṣùgbọ́n wọ́n lè rí iké tó bá ga. Kódà fóònù lásán ní ohun tó ń mọ bí ó ṣe fì sí, òun náà sì lè ṣe iṣẹ́ scoliometer bí a bá rí ibi tí yóò gbé jókòó lórí ẹ̀yìn láìtẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Ní Tchaourou, ní ilẹ̀ Borgou yìí kan náà, ọ̀nà jíjìn ló ń pinnu ohun tó ṣeé ṣe. Kọ́múùnù yìí ló tóbi jù ní ilẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Benin, ó tó kìlómítà alápá mẹ́rin 7,256. Ìkànìyàn 2013 ka ènìyàn 223,138 níbẹ̀. Àwọn Nàgó, Ìbàrìbá, Fúlàní àti àwọn mìíràn ló ń gbé e, ọ̀pọ̀ sì wà ní oko tó jìnnà sí títì ńlá tó ti Cotonou lọ sí Parakou. Ilé ìwòsàn Saint Martin wà ní Papanè nínú kọ́múùnù náà. Ilé ìwòsàn yunifásítì ti Borgou àti Alibori wà ní Parakou, nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lé díẹ̀ sí àríwá. Ọmọ Kika tàbí Bétérou gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà zẹ́mì tí yóò gbé e dé títì kí ó tó ronú Parakou. Cotonou ju 300 kìlómítà lọ sí gúúsù.

Níbi tó rí báyìí, ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa lépa. Bí a bá gbé ẹ̀rọ olówó iyebíye síbi tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹ̀rọ á di ẹrù inú yàrá. Àyẹ̀wò Adams ló kàn: olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ìwé girama (CEG) tàbí nọ́ọ̀sì lè kọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Scoliometer tàbí fóònù á tẹ̀ lé e fún àwọn tó bá ní iké. Àwọn tó bá tó dígíríì 7 nìkan ni wọ́n á rán lọ sí Parakou fún X-ray kan. Fóònù tàbí kámẹ́rà tó ń ka jíjìn, tí ẹnì kan lè gbé láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, ni yóò máa ṣọ́ wọn láti ìgbà náà lọ.

Àríyànjiyàn wà lórí yíyẹ gbogbo ọmọ ilé ìwé wò. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ìlera sọ ní 2004 pé kí wọ́n má ṣe é. Ní 2018, ìgbìmọ̀ náà yí ohùn padà, ó ní ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni kí wọ́n máa rán ọmọ tí kò ní nǹkan lọ gba ìtànṣán. Ìdí kan nìyẹn tí àwòrán ìmọ́lẹ̀ fi wúlò: ó jẹ́ kí a lè yẹ ọmọ wò lẹ́ẹ̀kejì láìpa á lára. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rù àyẹ̀wò àṣejù kò bá ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì bọ́ aṣọ fún oníṣègùn rí mu.

Àǹfààní rírí i ní kíákíá kì í ṣe àròsọ. Ní 2013, Stuart Weinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: nínú 100 ọmọ tó wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì, 72 ni ọ̀pá ẹ̀yìn wọn kò wọ́ dé dígíríì 50, nínú àwọn tí wọ́n kàn ń ṣọ́, 48 ni. Lára àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ju bíi wákàtí 13 lọ lójúmọ́, ó ju 90 nínú 100 lọ. Wákàtí 13 nínú kọ́sẹ́ẹ̀tì líle nínú ooru oṣù kẹta ní Borgou kì í ṣe eré, ó sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ àti òbí láìfi bò. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ tún ń ṣèrànwọ́ níbí: òun ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì ń lò báyìí láti fi mú ìwọ̀n àyà dípò kí wọ́n máa fi simẹ́ńtì funfun di ọmọ mọ́lẹ̀.

Èyí tí kò bá ṣeé dá dúró, iṣẹ́ abẹ ni, iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn sì ṣọ̀wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí orúkọ rẹ̀ ti kàn ni ilé ìwòsàn FOCOS ní Accra, tí Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Ghana tó ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ní New York fún ọ̀pọ̀ ọdún, dá sílẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn ní 2012. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé débẹ̀ láti onírúurú ilẹ̀ Áfíríkà sábà máa ń ní ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti wọ́ ju dígíríì 100 lọ, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n fa orí wọn sókè fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí abẹ tó dé. Ẹ̀yìn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ kankan kí a tó rí i. Ó ti hàn lábẹ́ aṣọ ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ti pé ọdún 10 bẹ̀rẹ̀ síwájú yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí iké bá wà ní apá kan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí ìdàgbà rẹ̀ tó parí, pàápàá kí ọmọbìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù, nítorí kọ́sẹ́ẹ̀tì kì í ṣiṣẹ́ mọ́ lára ọ̀pá ẹ̀yìn tó ti dàgbà tán.